Tèmiyẹmí, Ajá Ọdẹ́rìndé

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá tòògbé, mi ò ní tún un sọ. Àlọ́ mi já pàtì, ó já gììrì, ó já sẹ́yìn ọdẹ kan tó ń jẹ́ Ọdẹ́rìndé àti ajá rẹ̀, Tèmiyẹmí.

Ọdẹ́rìndé fẹ́ràn ajá yìí bí ọmọ. Ọkà ló ń fún un jẹ nílé, ajá náà sì ń pa òkété fún un. Ṣùgbọ́n ahun ni Ọdẹ́rìndé: gbogbo ẹran ló ń gbé wálé, títí dórí ìfun. Orin ló fi ń pe ajá nínú igbó. Ẹ bá mi gbè é:

Tèmiyẹmí, máa bọ̀ o!
Gbó-gbó-gbó, ajá ọdẹ!
Tèmi ló yẹ mí o!
Gbó-gbó-gbó, ajá ọdẹ!

Kíá, ajá á ti dé, á máa jùrù fìrìfìrì.

Ọdẹ́jìmí, ọdẹ ilé kejì, ní ajá tirẹ̀. Etu nìyẹn ń pa! Ara rẹ̀ ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Bí wọ́n bá ti wọlé, àdúgbò á pariwo, "Ọdẹ́jìmí, ẹ kú orí ire o!" Ọdẹ́rìndé á wo òkété ọwọ́ rẹ̀, owú á máa jó o nínú bí iná ọyẹ́. Bí Tèmiyẹmí bá wá fara nù ún lẹ́sẹ̀, á ta á nípàá.

Lọ́jọ́ kan, ó yọ́ tẹ̀lé Ọdẹ́jìmí wọgbó, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ba sẹ́yìn igi. Ó rí i tó la inú etu, tó ju ìfun àti ẹ̀dọ̀ tútù sí ajá rẹ̀.

"Háà! Ẹran tútù loògùn náà!" Kò dúró wo ìyókù. Eré ló bá délé.

Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀ ní, "Baálé mi, ẹ ò ṣe bi Ọdẹ́jìmí bó ṣe ń ṣe é?"

"Èmi! Kí n lọ bi Ọdẹ́jìmí! Kó lè máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Èèwọ̀!"

Ó fa adìyẹ kan yọ nínú àgò, ó dúńbú rẹ̀, ó jù ú sójúde pẹ̀lú ìyẹ́ àti ẹ̀jẹ̀. Tèmiyẹmí jẹ ẹ́ wọ́mùwọ́mù. Lọ́jọ́ kejì, adìyẹ mìíràn. Nígbà tó yá, ara ajá ń dán lóòótọ́. Ọdẹ́rìndé wá ń yan kiri. "Ẹ wò ó! Ta ló tún ní irú ẹ̀?"

Kò pẹ́, ajá ò dúró de ẹni tó máa dúńbú mọ́. Ó wọ àgò fúnra rẹ̀, ó jẹ gbogbo adìyẹ tán. Ó já ewúrẹ́ Àyọ̀ká lọ́rùn, pàì! Ó bọ́ sórí àgùntàn ará ìlú. Baálẹ̀ ní, "Ọdẹ́rìndé, bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ajá yẹn ṣì wà nílùú yìí, pípa la ó pa á."

Ọdẹ́rìndé ké lọ bá Ọdẹ́jìmí. "Ṣebí ẹran tútù nìwọ náà ń fún tìrẹ!"

"Ìpín ajá nìyẹn. Ibi tó bá ti pa ẹran nínú igbó, ibẹ̀ ló ti ń jẹ ẹ́. Bá a bá délé, ọkà ni, bíi ti Tèmiyẹmí. Ta ló ń jẹ́ kí ajá tọ́ ẹ̀jẹ̀ ẹran ilé wò? O ò ṣe bi mí?"

Ọdẹ́rìndé padà sílé. Ó yọ àdá, ṣùgbọ́n kò lè pa ajá tó tọ́ bí ọmọ. Ó tú okùn ọrùn rẹ̀, ó ní, "Máa lọ." Ajá wọgbó, kò wẹ̀yìn.

Láti ìgbà náà, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, Ọdẹ́rìndé á dúró létí igbó:

Tèmiyẹmí, máa bọ̀ o!
Gbó-gbó-gbó, ajá ọdẹ!
Tèmi ló yẹ mí o!
Gbó-gbó-gbó, ajá ọdẹ!

Ẹ̀yin lẹ gbè é o. Igbó ò gbè é. Omijé á máa dà pòròpòrò lójú rẹ̀. Àyọ̀ká á ní, "Nígbà tó yẹ yín, ẹ ò mọ̀."

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi ká ẹsẹ̀ sí. Bí mo bá purọ́, kí Tèmiyẹmí gbó mọ́ mi báyìí. Ẹ gbọ́ nǹkan kan? Kò gbó. Àlọ́ yìí kọ́ wa pé ká má ṣe jowú tẹlòmíràn débi tí a ó fi ba tiwa jẹ́, ohun tá ò bá sì mọ̀, ká béèrè.