Apá Ni Kí O Wò, Má Wo Igbó

Bí ènìyàn bá dé Òkè-Àpáta, tó jókòó ti àwọn àgbà ibẹ̀, kò ní í pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ọ lẹ́nu wọn: "Bí o bá ń ra àdá, apá ni kí o wò, má wo igbó." Àlejò á gbọ́, á máa rò ó. Ta ló ń ra àdá tí kì í wo igbó? Ṣebí igbó la fẹ́ ṣán? Ẹni tí igbó rẹ̀ ga ju òrùlé lọ, ṣé àdá kékeré ni kó gbé lọ síbẹ̀ ni? Àmọ́ ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yìí ní ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, ojú rẹ̀ sì rí màbo kó tó sọ ọ́.

Ọ̀jẹ́ládé lorúkọ rẹ̀. Àgbẹ̀ gidi ni, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe olè. Àbùkù kan ṣoṣo tó wà lára rẹ̀ ni pé kò fẹ́ kí ohunkóhun tirẹ̀ kéré. Bí aládùúgbò bá gbé agbọ̀n lọ sóko, òun á gbé apẹ̀rẹ̀ ńlá, kódà bí kò bá ní ohun tí yóò kó sí i. Katakata rẹ̀ nìkan ló kéré, nítorí ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn. Àwọn ará abúlé ń pe katakata náà ní "ewúrẹ́ Ọ̀jẹ́ládé", ó sì ń dùn ún dọ́kàn.

Àṣàbí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Opó ni, òun ló sì ni oko kajú tó wà lẹ́yìn abúlé. Lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin àwọn igi náà, omi tó ń rù lórí láti odò ló sì fi tọ́ wọn dàgbà. Ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa so dáadáa. Kò ní ibòmíràn tó gbójú lé.

Lọ́dọ̀ wọn, bí ọyẹ́ bá mú tí koríko bá gbẹ, àwọn ọdẹ a máa sun pápá. Olúọdẹ á dá ọjọ́, á kéde rẹ̀ lọ́jà, kálukú á sì lọ la ọ̀nà iná sí ẹ̀gbẹ́ oko rẹ̀. Á gé koríko ibẹ̀ mọ́lẹ̀ féú, á jẹ́ kó fẹ̀ dáadáa, kí iná má lè fò ó. Tí ọjọ́ bá pé, tí oòrùn bá kàtàrí, ìbọn á dún, iná á ràn. Wọn kì í yí ọjọ́ náà padà nítorí ẹnikẹ́ni, ọba ìbáà ṣe. Ẹni tí iná bá wọ oko rẹ̀ kò lẹ́jọ́ í rò.

Ọdún yẹn, Ọ̀jẹ́ládé ní kí ẹ̀gbọ́n òun má wulẹ̀ wá alágbàṣe kankan. Òun máa ra sìláṣà. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ ìdí katakata ni, tí irin mímú ń yí lábẹ́ rẹ̀, tó ń gé koríko bí ẹni ń fárí. Àdá katakata làwọn ará abúlé ń pè é. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bá jọ wọkọ̀ lọ sí ìlú tí wọ́n ti ń tà á.

Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù kí wọn dáadáa. "Ọ̀gá, báwo ni katakata yín ṣe lágbára tó? Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì ńkọ́, báwo ni wọ́n ṣe jìnnà síra tó?"

"Igbó wa ni kí ẹ bi mí," ni Ọ̀jẹ́ládé wí. "Koríko èèkan ibẹ̀ ga ju èmi àti ẹ̀yin lọ. Ọ̀nà iná wa sì gbọ́dọ̀ fẹ̀ bí ọ̀nà mọ́tò."

Ọkùnrin náà fọwọ́ kan sìláṣà kékeré kan. "Bí katakata yín bá kéré, eléyìí ló bá a mu. Ó fi díẹ̀ fẹ̀ ju ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, kò ní í fi koríko tí táyà bá tẹ̀ sílẹ̀. Katakata á lè gbé e, á sì lè yí i. Tó bá ti ju báyìí lọ, ìdí á wúwo, orí á fúyẹ́. Ẹ ó lọ, ẹ ó bọ̀, ẹ ó tún lọ ni o, ṣùgbọ́n ẹ ó parí ẹ̀."

"Àbúrò mi, èyí ti tó," ni Àṣàbí wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi í sílẹ̀. Wọ́n ń pe katakata mi léwúrẹ́, ẹ tún fẹ́ kí n so ìrù eku mọ́ ọn?" Ó nàka sí èyí tó tóbi jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù, tí ọmọdé mẹ́rin lè sùn lé lórí. "Ìyẹn ni. Ìrìn kan ṣoṣo, iṣẹ́ ti parí."

Ọlọ́jà mirí, ó tà á fún un. Àṣàbí yí padà, ó lọ wá ọkọ̀ tí yóò gbé e. Oore ni wọ́n fẹ́ ṣe fún un, ẹni tí wọ́n ń ṣe lóore kì í pàṣẹ.

Nígbà tí wọ́n fi délé, àwọn tó bá wọn pààlà ti ń fi àdá ọwọ́ la ọ̀nà iná tiwọn. Bí Ọ̀jẹ́ládé bá ń kọjá, á máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ kú làálàá o. Àárọ̀ ọjọ́ iná gan-an ni n ó ṣe tèmi, kí n tó jẹun." Bẹ́ẹ̀ ló sì dúró di àárọ̀ ọjọ́ iná. Kò tilẹ̀ fi koríko ẹ̀yìnkùlé dán ẹ̀rọ náà wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bó ṣe gbé sìláṣà kúrò nílẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ iwájú katakata gbéra pẹ̀lú. Ó yí i sọ́tùn-ún, katakata gba òsì lọ. Àṣàbí tó gbé korobá omi tẹ̀ lé e kígbe. Ọ̀jẹ́ládé ní kò sí wàhálà, ó so òkúta ńlá mọ́ iwájú katakata, orí rẹ̀ sì wálẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí irin ṣe wọ inú èèkan, ẹ́ńjìnnì kérora, ó kú. Ó tún un tan, ó tún kú. Kò lè jẹ́ kí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ náà wọ koríko mọ́, etí rẹ̀ nìkan ló fi ń gé e, díẹ̀díẹ̀, bí arúgbó tí kò léyín ṣe ń jẹ àgbàdo. Oòrùn ń gòkè. Nígbà tó fi dé òpin oko, ọ̀nà tó là kò fẹ̀ ju kí ènìyàn méjì dúró sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Iná èèkan á fo irú ìyẹn láìmí.

"Mò ń padà bọ̀, Ẹ̀gbọ́n. N ó fẹ̀ ẹ́ sí i." Òógùn ti bò ó.

Ó yí katakata wọ àárín èèkan, níbi tí ilẹ̀ ti gòkè díẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ìdí fà, orí dìde, katakata nàró, Ọ̀jẹ́ládé sì bẹ́ sílẹ̀. Sìláṣà rì sínú ilẹ̀, katakata jókòó lé e, ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Ó tan án títí, kò dáhùn. Ó fẹ́ yọ irin tó so wọ́n pọ̀, kí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè ti katakata nìkan jáde, ṣùgbọ́n irin náà ti wọ́, kò yọ.

"Sáré lọ bẹ Olúọdẹ pé kó ṣe sùúrù díẹ̀," ni Àṣàbí wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀ pé kì í dúró de ẹnì kan."

Ó ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ìbọn dún.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí èéfín. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń gbé e bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, àwọn àwòdì ń yí lókè, ehoro kan sáré gba ẹsẹ̀ wọn kọjá. Ọgbọ́n kan ló kù, gbogbo àgbẹ̀ ibẹ̀ ló sì mọ̀ ọ́n: kí wọ́n dúró lójú ọ̀nà tóóró yẹn, kí wọ́n dáná sí èèkan tó wà níwájú, kí iná tiwọn jó lọ pàdé iná tó ń bọ̀. Tí iná ńlá bá dé, kò ní í bá ohun tí yóò jẹ. Ṣùgbọ́n àárín èèkan yẹn ni katakata wà. Ẹni tó bá dá iná náà, katakata ló sun; ẹni tó bá sì fi ìgbà tó kù tu koríko yí katakata ká kó lè yọ, kajú ló sun.

Ọ̀jẹ́ládé wo katakata. Ó rántí gbogbo iṣu tó gbìn kó tó rà á. Ó wo igi kajú, òdòdó ti bò wọ́n, òmíràn ti ń so. Ó wojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ká ní ó pàṣẹ fún un ni, ìbá rọrùn fún un.

"Ẹ sọ̀rọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

Àṣàbí fi ìṣáná lé e lọ́wọ́. "Katakata kì í ṣe tèmi. N kò lè ní kí o sun ohun tó o fi òógùn rẹ rà." Ó tú ìborùn rẹ̀, ó rì í sínú korobá omi, ó lọ dúró níwájú igi tó wà létí, bíi pé aṣọ kan lè dá iná dúró.

Ìgbà tí Ọ̀jẹ́ládé rí i níbẹ̀ ni ojú tì í. Ó ṣá ìṣáná, afẹ́fẹ́ pa á. Ó ṣá òmíràn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ṣíji bò ó, ó tì í bọ abẹ́ èèkan. Iná náà ràn. Ó ń sáré, ó ń dáná lọ lẹ́bàá ọ̀nà tóóró yẹn, Àṣàbí ń fi aṣọ tútù pa èyí tó bá ta sí ìhà kajú. Iná wọn rọra ń jẹ lọ títí ó fi dé ara katakata, táyà gbiná, èéfín dúdú gba ojú ọ̀run. Ọ̀jẹ́ládé kò bojú wò ó, ó ń dáná lọ ni. Nígbà tí iná ńlá fi ariwo dé, eérú ló bá nílẹ̀, ó sì kú síbẹ̀. Ooru sun ewé kajú tó wà létí, ṣùgbọ́n kò sí igi kan tó jó.

Nírọ̀lẹ́, Olúọdẹ gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ẹran léjìká. Ó bá Ọ̀jẹ́ládé tó jókòó ti irin dúdú tó kù.

"Ta ló sun katakata rẹ?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìwọ fúnra rẹ? Kí ló dé?"

Ọ̀jẹ́ládé nàka sí sìláṣà tó jóná. "Nígbà tí mo lọ ra àdá, Bàbá, igbó ni mo wò. N kò wo apá."

Olúọdẹ kò fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ó gbé ọ̀yà kan sílẹ̀ fún un, ó bá tirẹ̀ lọ. Kó tó di ọjà tó tẹ̀ lé e, gbogbo abúlé ti ń sọ ọ̀rọ̀ náà.

Títí dòní, bí ọmọkùnrin kan bá ń fọ́nnu pé ilé tí òun máa kọ́ gbọ́dọ̀ ga ju ti gbogbo àdúgbò lọ, tàbí tí ìyá kan bá fẹ́ kó ọjà tí agbára rẹ̀ kò ká nítorí pé èrò ọjà pọ̀, àgbà Òkè-Àpáta kan á pè é sẹ́yìn. Kò ní í sọ pé igbó kò ga. Igbó ga lóòótọ́. Ohun tó fẹ́ bi í ni ta ni yóò gbé àdá náà. Bí o bá ń ra àdá, apá ni kí o wò, má wo igbó.