Òkúta Tí Ehoro Gbé

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Mo ní, àlọ́ o!

Àlọ̀ o!

Ẹ sún mọ́bí. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún Bàbá, kí wọ́n rí ògiri fẹ̀yìn tì. Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lórí òrùlé, kò bà lórí ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Orí Ehoro elétí gígùn ló bà lé, ó sì yẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó lọ já lu Ọ̀yà aláìmọwọ́mẹsẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí àwọn ẹranko ṣì ń dáko pọ̀, oko àgbàdo àti erèé wọn wà ní òdìkejì odò. Afárá igi kan ni wọ́n ń gbà kọjá. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, àgbàrá gbé afárá náà lọ. Àwọn ẹranko pe ìpàdé. Wọ́n ní bí ìkórè bá dé, orí làwọn máa fi ru oúnjẹ la odò já, káwọn tó gun òkè délé. Wọ́n ní àwọn yóò yan alábàárù, ẹni tó bá sì lágbára jù nínú wọn ni yóò ṣe olórí. Olórí alábàárù yóò gba àká kan fún ara rẹ̀, àká tó kún dẹ́nu, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni pín in.

Bí Ehoro ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ àká yìí, etí rẹ̀ méjèèjì nà ró.

Ẹfọ̀n dìde. Òun ni àgbà láàárín wọn, òun náà ló sì mọ̀ nípa ẹrù rírù jù. Ó ní, "Agbára kì í ṣe aṣọ tí èèyàn lè yá wọ̀. Àgbàdo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni. Ẹni tó bá fẹ́ ru ẹrù, kó wá bá mi ní pápá láàárọ̀. Màá kọ́ ọ."

Òkúta ló kún pápá Ẹfọ̀n. Òmíràn ò ju ìkúùkù lọ, òmíràn tó ahéré. Bí àwọn ọ̀dọ́ ìgboro ṣe ń gbé irin lónìí, òkúta ni wọ́n ń gbé nígbà náà.

Ehoro lọ. Ọ̀yà náà lọ. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, koríko kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ. Ọ̀yà sanra púpọ̀. Bó bá gun òkè díẹ̀, á máa mí bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Kò ronú kan àká rárá. Ohun tó ń wá ni kí òun lè gun òkè délé láìjókòó sọ́nà.

Ẹfọ̀n ní, "Ẹ kọ́kọ́ rìn yí pápá ká. Ẹ ju apá, ẹ na ẹsẹ̀. Ara tó tutù kì í gbẹ́rù."

Wọ́n rìn. Ó wá na ọwọ́ sí òkúta kékeré kan. "Ó yá, ẹ gbé e."

Ehoro bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Ẹfọ̀n, ṣé èyí? Èyí tí àwọn ọmọ mi fi ń ṣeré?"

"Òun náà ni. Tẹ orúnkún, má tẹ ẹ̀yìn. Jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbé e, má fi ìbàdí gbé e. Bó bá ń lọ sókè, mí síta. Bí o bá lè gbé e dáadáa láìgbọ̀n, a ó mú èyí tó tẹ̀ lé e."

"Nígbà wo?"

"Nígbà tí ara rẹ bá gbà."

Inú Ehoro kò dùn sí ìdáhùn yìí. Ọ̀yà ní tirẹ̀ gbé òkúta kékeré náà, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e. Òógùn bò ó. Ẹfọ̀n ní ó tó. Ó ní, "Ẹ lọ sinmi lọ́la. Ẹ jẹun kánú, ẹ mu omi, ẹ sùn dáadáa. Ìgbà téèyàn bá ń sùn ni agbára ń wọ inú ẹran ara."

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, gbogbo ara ń ro àwọn méjèèjì. Ehoro ké jáde pé, "Ẹfọ̀n ti pa mí o!" Ọ̀yà rọra wọ́ ẹsẹ̀ lọ bá olùkọ́ wọn.

Ẹfọ̀n rẹ́rìn-ín. "Bí gbogbo ẹran ara bá ń ro ọ́, ti àkọ́bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Rìn díẹ̀díẹ̀, á lọ. Àmọ́ bí nǹkan bá gún ọ ní oríkèé tàbí ní ẹ̀yìn bí abẹ́rẹ́, dúró, kí o wá pè mí. Má ṣe akin níbẹ̀."

Bí Ọ̀yà ṣe ń lọ nìyẹn. Kò yára, kò sì jáwọ́. Nígbà tí àgbàdo fi máa ga dé orúnkún, ó ti ń gun òkè tí kò jókòó mọ́. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ní, "Baálé mi, mi ò gbọ́ ìró ẹwìrì mọ́ o!" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí.

Ehoro ńkọ́? Bó bá lọ lónìí, á di ọ̀sẹ̀ mìíràn. Bó bá sì lọ, òkúta ẹlòmíràn ló ń wò. Nígbà tí àgbàdo yọ irùkẹ̀rẹ̀, ó rí i pé òkúta kékeré náà ni òun ṣì ń bá jìjàkadì. Ó jókòó, ó ronú. "Bí mo bá ń tẹ̀ lé Ẹfọ̀n, àká yẹn á bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Ó wá igbá ńlá méjì. Ó fẹnu wọn kora, ó fi oje igi lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ó fi amọ̀ rẹ́ ẹ, ó da eérú lé e, ó fi ewé tútù pa á lára títí ó fi dà bí òkúta etídò tí omi ti ń fọ̀ láti ayébáyé. Lọ́jọ́ kan tí gbogbo ẹranko ń sùn oorun ọ̀sán, ó gbé e lọ sí etídò, ó fi í sáàárín àwọn òkúta tòótọ́.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ó ké sí wọn. "Ẹ wá wo agbára!"

Ó di igbá náà mú. Ó rún ojú, ó kùn hùn-ùn, ọrùn rẹ̀ gbọ̀n bí ẹni pé iṣan rẹ̀ fẹ́ já. Ó gbé e sókè! Ó gbé e karí! Àwọn ẹranko bú sórin. Ẹ bá mi gbè é:

Elétí gígùn gbé òkúta!
Ó gbé e!
Apá tín-ín-rín gbé àpáta!
Ó gbé e!
Ẹ wá wohun tójú ò rí rí!
Ó gbé e!

Ẹfọ̀n nìkan kò kọrin. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó ní, "Ehoro, etídò rọ̀. Mo rí òkúta lórí rẹ, n kò rí ipa ẹsẹ̀ rẹ nílẹ̀."

Ehoro dáhùn kíá. "Bàbá, alágbára kì í ni ilẹ̀ lára."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Orin gba ọ̀rọ̀ mọ́ Ẹfọ̀n lẹ́nu. Ó mi orí, ó lọ sílé.

Ọ̀yà tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tó ku àwọn méjèèjì nìkan, ó ní, "Ehoro, a jọ bẹ̀rẹ̀ ni. Mò ń lọ déédéé, ìwọ kì í wá. Òkúta tí mò ń gbé kò tó ìdajì tìrẹ. Kí lo ṣe? Jọ̀ọ́, sọ fún mi."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí. Ọ̀rọ̀ péńpé ló kù. "Igbá ni, ọ̀rẹ́ mi." Bó bá sọ ọ́, Ọ̀yà á rẹ́rìn-ín, á sì lọ sùn.

Ṣùgbọ́n Ehoro rántí àká. Ó ní, "Òkúta kékeré ló ń dá ọ dúró. Ìsinmi tí Ẹfọ̀n ń wí yẹn, ọ̀lẹ ló ń kọ́ ọ. Lọ bá èyí tó tóbi jù, kí o sọ fún ara rẹ pé o lè gbé e."

"Bẹ́ẹ̀ nìkan?"

"Bẹ́ẹ̀ nìkan."

Ọ̀yà gbà á gbọ́. Kí ló dé tí kò fi ní gbà á gbọ́? Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ náà, Ọ̀yà kò sinmi mọ́. Ó ń gbé òkúta láàárọ̀, ó ń gbé e lálẹ́. Kò dúró jẹun. Àwẹ̀ró ní, "Baálé mi, kí ló ń ṣe yín lẹ́yìn tí ẹ fi ń dì í mú?"

"Ó ń gún mi díẹ̀ ni. Á lọ."

Kò pe Ẹfọ̀n. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ìrì ṣì wà lórí koríko, ó dá nìkan lọ sí pápá. Kò rìn yíká, kò na ẹsẹ̀. Ó lọ tààrà bá òkúta ńlá. Ó tẹ ẹ̀yìn, ó fà á. Òkúta náà gbéra nílẹ̀ díẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó tún fà á. Nǹkan dún nínú ìbàdí rẹ̀, kẹ́! Ọwọ́ rẹ̀ tú. Òkúta já lé e lẹ́sẹ̀.

Àwẹ̀ró wá a dé pápá, igbe rẹ̀ ló kó gbogbo ẹranko jọ. Ẹfọ̀n fi ìwo yí òkúta kúrò. Ehoro sáré dé, ó dúró sẹ́yìn èrò. Ọ̀yà rí i.

Ó ní, "Ehoro, ibo ni mo ti ṣì í? Kí ni mo ṣe tí ìwọ ò ṣe?"

Gbogbo ojú yí sí Ehoro. Ó ya ẹnu. Ó wo àgbàdo ní òdìkejì odò, ó ti ń gbó. Ó pa ẹnu dé.

Ìkórè dé lóòótọ́. Ehoro tún gbé òkúta rẹ̀ ní etídò, wọ́n sì fi í jẹ olórí alábàárù. Wọ́n ní olórí ni yóò ru apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́. Àwẹ̀ró àti àwọn ẹbí fi ẹní gbé Ọ̀yà wá síbẹ̀, nítorí ó ní òun fẹ́ fi ojú òun rí ọ̀rẹ́ òun lọ́jọ́ iyì rẹ̀.

Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ àgbàdo lé Ehoro lórí. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó wó lulẹ̀ gbì! Apẹ̀rẹ̀ yí gbirigbiri, ó gbá òkúta Ehoro, òun àti òkúta sì jọ bọ́ sódò. Àgbàdo rì. Òkúta kò rì. Ó léfòó, ó ń jó lórí omi, amọ̀ ń ṣí kúrò lára rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Láti orí ẹní ni Ọ̀yà ti sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò ròkè. "Igbá ni?"

Ehoro dojú bolẹ̀. "Igbá ni."

Wọn kò nà án. Ẹfọ̀n ló ru ẹrù àkọ́kọ́, àwọn tó ti fara balẹ̀ kọ́ṣẹ́ sì tẹ̀ lé e. Wọ́n fún ẹlòmíràn ní àká. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ẹfọ̀n lọ jókòó ti Ọ̀yà. Ó ní, "Mo rí i lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé òkúta yẹn. N kò pariwo tó." Omi dà lójú àgbà.

Ìbàdí Ọ̀yà san. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tọ́ mọ́. Ọ̀nà òkè tó ti ń gùn láìjókòó, ọ̀pá ló ń tì gùn ún, ó sì ń jókòó sọ́nà.

Ehoro kò lè sùn, kò lè jẹ. Ó já koríko tútù, ó gbé e lọ sílé Ọ̀yà. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọ̀yà, jọ̀ọ́. Dárí jì mí."

Ọ̀yà ti ọ̀pá jáde wá bá a. Ó ní, "Dìde. Èmi ti dárí jì ọ́, Ehoro. Ẹsẹ̀ mi ni kò tíì gbọ́."

Ìdí àlọ́ mi rèé o, ẹ̀yin tí ẹ jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ fún ara rẹ̀ lágbára, kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kó jẹ́ kí ara gbóná kó tó gbẹ́rù, kó jẹun, kó sinmi, kó sì dúró bí ara bá ní kó dúró. Kó má ṣe fi ohun tó rí lórí ẹlòmíràn díwọ̀n ọrùn tirẹ̀. Ìwọ tí wọ́n sì ń kọrin yìn fún ohun tí o kò gbé, tètè sọ òótọ́, kí ẹni tó fẹ́ràn rẹ tó lọ gbé e.