Bí Òòrẹ̀ Ṣe Gbà Kí Wọ́n Wọ́ Òun Lẹ́yìn

Ẹ sún mọ́ mi. Lájídé, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí ẹní mi, ṣé o fọ̀ ọ́? Ìbídùn, bí oorun bá ń kùn ọ́, wọlé lọ, torí n kì í pa àlọ́ fún ẹni tó ń hanrun.

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Ṣé iyán tí mo fún yín kò dé ikùn ni? Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀ o!

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó yí gbiri, ó yà fún Ehoro, ó fo Ọ̀bọ dá, ó wá lọ balẹ̀ sí ẹ̀yìn Òòrẹ̀.

— Ẹ̀gún á gún un nìyẹn.

Ó kúkú gún un. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko jọ ń gbé ìlú kan náà, tí wọ́n jọ ń pọnmi lódò kan náà, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Òòrẹ̀. Ṣé ẹ mọ Òòrẹ̀? Ẹ̀gún ló bo ẹ̀yìn rẹ̀ láti orí dé ìdí. Bí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀, ẹ̀gún yẹn á sùn mọ́ ara. Bí inú bá bí i, gbogbo rẹ̀ á nàró ṣóńṣó, oníkálukú á sì wá ibi gbà.

Òòrẹ̀ ní ọkọ, ó sì ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Abẹ́rẹ́. Ẹ̀gún ti Abẹ́rẹ́ ṣì rọ̀ bí irun àgbàdo. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ọkọ Òòrẹ̀ bọ́ sínú tàkúté ọdẹ, kò sì padà wálé mọ́.

— Ó mà ṣe o.

Ó ṣe. Ṣùgbọ́n Òòrẹ̀ kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí ará ìlú wá kí i pé ẹ kú ará fẹ́ra kù, oko ni wọ́n bá a, ó ń kọ ebè.

Àáró ni wọ́n ń ṣe nílùú náà: lónìí, gbogbo wọn á kọ ebè lóko tìrẹ, lọ́la, wọn á kọ ọ́ lóko tèmi. Ìpín tọkọtaya kì í ṣe ìpín ẹnì kan. Òòrẹ̀ ní òun nìkan ni yóò máa kọ ti òun, òun ni yóò sì máa kọ ti olóògbé. Wọ́n ní, "Ìyá Abẹ́rẹ́, ẹ dín in kù." Ó ní, "Ṣé mo ké sí yín ni?"

Ọrùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ gan. Ó dé èjìká. Ó dé ẹ̀yìn. Ó dé ìbàdí. Bí ẹ bá pè é látẹ̀yìn, kò lè yí ọrùn wò yín, gbogbo ara ló ń gbé yí bí ẹni ń yí ọlọ. Bí wọ́n bá sì bi í pé kí ló dé, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Kò sóhun tó ń ṣe mí."

Oorun sá lójú rẹ̀. Ẹni tí kò sùn, ṣé ó lè rẹ́rìn-ín?

— Kò lè rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ṣebí bí ẹ ṣe máa ń ṣe mí láàárọ̀ nìyẹn. Ẹ̀gún Òòrẹ̀ kò sùn mọ́ ara mọ́, tọ̀sán-tòru ló nàró. Abẹ́rẹ́ tó máa ń sùn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ sún mọ́ ọn lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀gún gún un létí. Ọmọ ké. Òòrẹ̀ jágbe mọ́ ọn, ó ní, "Ta ló ní kí o sún mọ́ mi?"

Ilẹ̀ mọ́, Abẹ́rẹ́ ká ẹní rẹ̀, ó kọrí sílé Ehoro, aládùúgbò wọn, tí irun ara rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Ehoro kò lè lé e. Òun fúnra rẹ̀ ti bímọ débi pé kì í tètè mọ èyí tí kì í ṣe tirẹ̀.

— Ìyá àgbà, ṣé Abẹ́rẹ́ kò gún àwọn ọmọ Ehoro ni?

Ó gún wọn díẹ̀díẹ̀. Ìwọ náà, ṣé o kì í ta ẹ̀gbọ́n rẹ nípàá lórí ẹní? Dákẹ́ kí n máa bá àlọ́ mi lọ.

Òòrẹ̀ lọ mú ọmọ rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Ehoro, ó ní, "Abẹ́rẹ́, ó yá, jẹ́ ká lọ sílé."

Abẹ́rẹ́ lọ sẹ́yìn Ehoro, ó ní, "Màámi, ẹ̀rù yín ń bà mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Òòrẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ. Ló bá padà sóko, ó tún lọ kọ ebè.

Ibẹ̀ ni Ọ̀bọ wá bá a sí. Ọ̀bọ ló ń ta àgbo nílùú náà, kò sì sí àìsàn tí kì í pè ní jẹ̀díjẹ̀dí. Orí ń fọ́ ọ? Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ìdí ń ro ọ́? Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ìyàwó rẹ kó ẹrù rẹ̀ lọ? Ó ní jẹ̀díjẹ̀dí náà ni, ó ti wọ ọ̀rọ̀ ilé.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Bàbá yín ńkọ́? Ṣebí bó ṣe ń wí nìyẹn.

Ọ̀bọ wo Òòrẹ̀ lókè, ó wò ó nílẹ̀, ó ní, "Ìyá Abẹ́rẹ́, ẹ ti lá oyin jù. Ẹ má jẹ ìrèké mọ́. Ẹ má jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n mọ́. Ẹ mu ìkòkò àgbo yìí tán."

Òòrẹ̀ mu ún. Ó korò dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ikùn rẹ̀ ń lọ, ó ń sáré lọ sígbó, ó ń sáré bọ̀, ẹ̀yìn ní tirẹ̀ dúró gbọin-in. Ìrèké nìkan ló kù tó ń dùn mọ́ ọn láyé, wọ́n tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ò wá ní bi mí bóyá inú tún bí i.

Ehoro ló wá bá a nílé. Ó jókòó, ó jìnnà díẹ̀, torí kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ní, "Ìyá Abẹ́rẹ́, ẹ jẹ́ kí Yèyé Abọ́sẹ̀dé fọwọ́ kàn yín."

Yèyé Abọ́sẹ̀dé, ènìyàn ni. Òun ló ń wẹ gbogbo ọmọ tuntun ìlú náà, tó ń fi òrí ra wọ́n lára, tó ń na apá wọn, tó ń na ẹsẹ̀ wọn.

Òòrẹ̀ ní, "Ẹni tó ń wẹ ọmọ ọwọ́? Ṣé ọmọ ọwọ́ ni mo jọ lójú yín ni?"

Ehoro ní, "Mi ò bá yín jà. Ọmọ yín wà lọ́dọ̀ mi, mi ò lé e, oúnjẹ mi tó o. Ṣùgbọ́n lánàá, Ìyá Abẹ́rẹ́, ó pè mí ní Màámi."

Òòrẹ̀ dìde, ó jáde, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sílé Yèyé Abọ́sẹ̀dé.

Yèyé ń gún ata lọ́wọ́. Ó ní, "Káàbọ̀. Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Kò sóhun tó ń ṣe mí, Yèyé."

"Ó dáa. Máa lọ sílé nígbà náà."

Òòrẹ̀ jáde. Ó dé ìdí igi ọsàn, ó dúró, ó padà wá.

"Ẹ̀yìn mi ni, Yèyé."

"Kí ni ẹ̀yìn rẹ ṣe?"

"Ó kàn wà níbẹ̀."

"Tèmi náà wà níbẹ̀."

Òòrẹ̀ bojú wolẹ̀. Ó ní, "Ó ń dùn mí."

Bó ṣe sọ ọ́ báyìí, ẹ̀gún mélòó kan sùn lọ́rùn rẹ̀.

Yèyé fi ata sílẹ̀, ó fọwọ́ dáadáa. Ó ní, "Ṣé o ṣubú? Ṣé ara rẹ gbóná? Torí bí eegun bá dá, ọwọ́ mi kọ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń to eegun ni wàá lọ." Òòrẹ̀ ní òun kò ṣubú. Yèyé ki aṣọ bọ omi gbígbóná, ó fún un, ó tẹ́ ẹ lé e lọ́rùn. Ó bu òrí sí àtẹ́lẹwọ́, ó ra á títí ó fi yọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí lọ sókè, bó ṣe máa ń ṣe fún ọmọ tuntun.

— Yéè, ẹ̀gún á gún un.

Ó gún un. Yèyé yọ ẹ̀gún lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ̀bi mi ni, mo fọwọ́ sódì. Ara kálukú ló ní ibi tó kọjú sí." Ó bẹ̀rẹ̀ látorí wá sídìí, díẹ̀díẹ̀, ó ń kọrin. Ẹ gbè é fún mi, kí ẹ má sì máa pariwo:

Òòrẹ̀, Òòrẹ̀, dẹra sílẹ̀ —

— Pẹ̀lẹ́ ni, pẹ̀lẹ́.

Ẹrù tó o rù, sọ̀ ọ́ kalẹ̀ —

— Pẹ̀lẹ́ ni, pẹ̀lẹ́.

Látorí wá, n ò fọwọ́ sódì —

— Pẹ̀lẹ́ ni, pẹ̀lẹ́.

Ibi tó dùn ọ́, wí fún mi o —

— Pẹ̀lẹ́ ni, pẹ̀lẹ́.

Ẹ káre. Ọwọ́ Yèyé kan kókó kan lẹ́yìn èjìká, ó le bí èkùrọ́. Ó ní, "Iṣan rẹ ti kó jọ síbí, ẹ̀jẹ̀ ò ráyè kọjá." Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó dúró, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó wá bi í pé, "Ta ló fọwọ́ kàn ọ́ gbẹ̀yìn?"

Òòrẹ̀ ronú. Ọmọ ń sá fún un, aládùúgbò ń jókòó jìnnà sí i. Ó ní, "Bàbá Abẹ́rẹ́ ni."

Ẹkún bá sọ. Ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ kú, tí kò sun lóko, gbogbo rẹ̀ ló dé. Yèyé kò ní kó dákẹ́, kò sì yọwọ́. Ó ní, "Sun ún, ọmọ mi. Òun náà wà nínú ohun tó kó jọ síbẹ̀." Ẹ̀gún ẹ̀yìn Òòrẹ̀ sì ń sùn lọ, ó ń sùn lọ, títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Kí Yèyé tó ra ìbàdí tán, oorun ti gbé e lọ, ó ń hanrun.

Ọ̀bọ ń kọjá, ó gbọ́ ìhanrun, ó ní, "Ẹ ò rí i? Jẹ̀díjẹ̀dí ló ń jáde yẹn."

Ọjọ́ kan kò tán an o, ó ń padà lọ sọ́dọ̀ Yèyé. Ọjọ́ ọjà dé, ó lọ, ọjọ́ ọjà mìíràn dé, ó tún lọ. Ọrùn rẹ̀ ń yí. Oúnjẹ ń dùn lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí àáró kàn án, ó dúró láàárín ebè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ìpín Bàbá Abẹ́rẹ́." Wọ́n bá a kọ ọ́, kò sí ẹni tó ráhùn. Tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n ti ń retí kó sọ bẹ́ẹ̀.

Ó wá lọ sílé Ehoro ní ìrọ̀lẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ní kí Abẹ́rẹ́ jáde. Ó jókòó síta, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà.

Abẹ́rẹ́ yọjú. Ó padà. Ó tún yọjú. Ó rìn wá, ó fi ìka kan ṣoṣo kan ìyá rẹ̀ lọ́rùn, ó sì múra láti sá. Ẹ̀gún kankan kò dìde. Ó fi odindi ọwọ́ lé e, ó fà á wá sílẹ̀ látorí wá sí èjìká.

Ó ní, "Màámi, ṣé ibí ló ń dùn yín?"

Òòrẹ̀ ní, "Ibẹ̀ gan-an ni, ọmọ mi. Má yọwọ́."

Abẹ́rẹ́ kò yọwọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, àwọn méjèèjì jọ lọ sílé wọn, Ehoro sì ń gbé ẹní Abẹ́rẹ́ tẹ̀lé wọn.

— Ìyá àgbà, kí wá ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀?

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ara tó ń ṣiṣẹ́ ń fẹ́ ìtọ́jú, ẹni tó ń kanra sì lè jẹ́ ẹni tí ibì kan ń dùn. Ọwọ́ tó rọ̀, tó sì mọ ibi tó yẹ kó kàn, ó ń tú iṣan, ó ń mú oorun wá, ó sì ń mú kí ọkàn fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni kò dé ẹ̀yìn ara ẹni. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín dé ibẹ̀, kí ẹ sì fẹnu yín sọ ibi tó ń dùn yín.

Ibí ni àlọ́ mi ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Bí mo bá parọ́ fún yín, kí oríkèé ìka mi má dún. Bí n kò bá parọ́, ẹ gbọ́ o: kó, kó, kó.

— Ó dún, Ìyá àgbà.

Ó dún. Ẹ lọ sùn.