Ọ̀rọ̀ tí Alángbá Mirí Sí

Nígbà láéláé, kí ọrùn Alángbá tó di ohun tí kì í sinmi, ojú kan ni orí rẹ̀ máa ń wà. Á nà gbọọrọ sára ògiri, á máa yá oòrùn, orí rẹ̀ á dúró jẹ́ẹ́. Ìgbà tí ẹnìkan bá ń bá a sọ̀rọ̀ nìkan ló máa ń mirí, bí gbogbo ọmọlúàbí ti ń ṣe, kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lè mọ̀ pé etí òun wà níbẹ̀.

Àwọn kan á sọ fún yín pé ó já bọ́ láti orí ìrókò, kò kú, òun ló ṣe ń mirí láti yin ara rẹ̀. Ẹ má dá wọn lóhùn. Alángbá tí mo mọ̀ kò ní nǹkan kan tí ó lè torí rẹ̀ yin ara rẹ̀. Ẹ jókòó dáadáa kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Alángbá ní òkìtì ọ̀gán kan ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ni ín, ó fi í sílẹ̀ fún bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì fi í sílẹ̀ fún un. Lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ lónìí, ikán abìyẹ́ á tú jáde nínú ọ̀gán náà ní òwúrọ̀ ọ̀la, wọn á ṣú bo gbogbo àgbàlá. Alángbá, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán á jẹ, wọn á yó, wọn á nà sílẹ̀, wọn á tún dìde jẹ.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ẹ̀ẹ̀rùn le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ọyẹ́ la gbogbo ẹranko létè. Kòkòrò wọ́n bí ojú. Àbíkẹ́yìn Alángbá rù débi pé èèrà méjì lè gbé e lọ láìmí. Òkìtì ọ̀gán yẹn nìkan ni wọ́n gbójú lé.

Ni òjò bá rọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ̀yin náà mọ bí òjò àkọ́rọ̀ ti ń rí. Ilẹ̀ á máa ta sánsán. Máńgòrò á máa já bọ́ pọ̀tọ̀. Àwọn ẹ̀gà á máa pariwo lórí ọ̀pẹ pé àwọn ń kọ́lé tuntun, àgbẹ̀ á gbé ọkọ́ lé èjìká, á máa wá irúgbìn àgbàdo tí eku kò tíì jẹ. Gbogbo ẹranko á máa yà sílé ara wọn: "Ẹ kú òjò o! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta!" Ẹni tó bá ti wà nínú ilẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n máa ń fún láyè kó sọ̀rọ̀ jù, nítorí ó ti pẹ́ tí ó ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Òfin kan tún wà nígbà náà. Kò sí ìwé, kò sí kálàmù. Bí wọ́n bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ, tí o mirí sí i lẹ́ẹ̀mẹta lójú ẹlẹ́rìí, o ti fi í sílẹ̀ nìyẹn. Kò sí ẹjọ́ mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ òjò yẹn ni Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́, aládùúgbò Alángbá, fò dé. Kíákíá ló ń fò, ẹrẹ̀ inú ilẹ̀ kò tíì gbẹ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn àgbà sì ti wí pé ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ẹlòmíràn ì bá ti fò dìde, kó ní, "Kí ló dé, Ìyá?" Ṣùgbọ́n ara òkìtì ọ̀gán ni ojú Alángbá wà. Ó ń wò ó bóyá àwọn ikán ti ń dá ihò lu.

"Àbúrò mi, ẹ kú òjò o," ni Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ wí.

"Ẹ kú òjò, Ìyá. Ẹ kú àtijọ́." Kò dìde, kò sì dọ̀bálẹ̀, torí pé inú ìdọ̀bálẹ̀ ló kúkú wà tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ni ìwà ọmọlúàbí tí kò ná Alángbá ní nǹkan kan.

Ìgbín ń kọjá lọ níwájú ilé nígbà náà. Ẹ mọ bí Ìgbín ti ń kọjá. Láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ títí wọ́n fi parí rẹ̀, kò tíì kọjá tán.

"Ilé ńkọ́?" ni Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ béèrè.

Alángbá mirí. "A dúpẹ́." Ó rí ihò kan lára ọ̀gán.

"Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ wa ńkọ́?"

Alángbá mirí. "Wọ́n wà." Ó rí ihò kejì.

"Wọ́n ní Òkété àti Ọ̀kẹ́rẹ́ ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ lórí ẹ̀pà tí àgbẹ̀ fẹ́ gbìn."

"Ó dáa, ó dáa."

"Kí ló dáa níbẹ̀? Ẹ̀pà ẹlẹ́pà!" Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fà sún mọ́ ògiri. "Ilẹ̀ gbóná lọ́dún yìí, àbúrò mi. Gbòǹgbò igi ọsàn gba àárín yàrá wa kọjá. Ọ̀kùn wá sùn sẹ́nu ọ̀nà wa, ó ní ẹsẹ̀ ń yún òun. Ṣé o mọ iye ẹsẹ̀ tí Ọ̀kùn ní? Gbogbo rẹ̀ ló họ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ilẹ̀ fi mọ́."

Alángbá mirí. Ihò ti di márùn-ún.

Nígbà tí Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Baálé mi ò jí," ó wí. "Nígbà tí òjò kan ilẹ̀, mo fọwọ́ tọ́ ọ, mo ní ilẹ̀ ti tutù, ẹ jẹ́ ká jáde. Mo tún tọ́ ọ. Kò jí, àbúrò mi."

Alángbá mirí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó wí. "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ohun tí a ń bẹ̀ ẹ́ fún náà nìyẹn."

Ojú ti Ìgbín, ó fa orí wọ inú ìkarahun.

Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ gbójú sókè. Ojú ńlá ni Ọlọ́run fún un, gbogbo rẹ̀ ló sì fi wo Alángbá. "Ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ?"

"Kò sí èyí tí n ò gbọ́ níbẹ̀, Ìyá." Ihò ti di méje.

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ dé egungun. Láti inú ilẹ̀ ló ti ń ronú pé bí òun bá ti dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò òun, ara á tu òun. Ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀, ó ń wò ó bóyá etí rẹ̀ á padà wálé. "Tó bá rí báyìí, òkìtì ọ̀gán ẹ̀yìnkùlé rẹ yìí, ṣé kó di tèmi?"

Alángbá mirí.

"Láti òní lọ?"

Alángbá mirí.

"Tí o ò ní bá mi dá sí i mọ́?"

Alángbá mirí. "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bá mi kí wọn nílé o."

Kó kí wọn nílé! Ta ló kù nílé? Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ yí padà, ó fò lọ. Ní alẹ́, Alángbá sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ yà, pé àwọn jọ sọ̀rọ̀ dáadáa.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Alángbá kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lẹ́yìn, ó di ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ikán abìyẹ́ ti ń yọ orí. Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ jókòó sẹ́nu ọ̀gán, ó fi ara gba gbogbo ọ̀nà.

"Ẹ kú ìjókòó, Ìyá," ni Alángbá wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sún díẹ̀."

"Kí n sún lọ síbo? Inú ilé mi ni mo wà."

Alángbá rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́. "Ilé ta?"

"Bi Ìgbín."

Ìgbín ṣì wà níbẹ̀. Láti àná, ó ti rìn dé ìdí máńgòrò. "Alángbá, ọ̀rẹ́ mi," ó wí, "ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Ojú mi ló ṣe."

Ìyàwó Alángbá ká ọwọ́ lérí. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ọ̀fun Alángbá bẹ̀rẹ̀ sí wú, ó ń lọ, ó ń bọ̀. "Ìyá, ẹ dákun," ó wí, "mo mirí lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí mò ń mirí sí."

"Mo mọ̀ pé o kò mọ̀," ni Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ dáhùn. "Jẹ́ kí àwọn ọmọ kọjá. Ọmọdé ò bá wa dá sí ọ̀rọ̀ yìí, kí wọ́n wá jẹun. Ní tìrẹ, n kò lé ọ. Nínú gbogbo ohun tí mo bá ọ sọ lánàá, dárúkọ èyí tó gbé mi jáde lọ́sàn-án, kí o gba ọ̀gán rẹ."

Inú Alángbá dùn. Ó rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn. "Ẹ ní òjò rọ̀."

"Ìyẹn, adití pàápàá mọ̀ ọ́n," ni Ìgbín wí.

"Ẹ ní kí n bá yín kí ìyàwó mi."

"N kò wí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ní... ẹ ní ẹsẹ̀ ń yún yín?"

Ìgbín tún fa orí wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rín ni.

Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ kò rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run," ó wí. "Ọ̀pọ̀lọ́ náà dakùn délẹ̀, àbúrò mi. Èmi wá sọ fún ọ pé inú ń run mí, o ní ó dáa bẹ́ẹ̀." Nígbà tí àwọn ọmọ yó tán, tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí mú, ó padà sílé rẹ̀, ó wọ inú ilẹ̀ lọ.

Alángbá padà sórí ògiri pẹ̀lú ikùn òfìfo. Ó ń kùn, ó ní obìnrin náà kò ṣeun, ó ní àrékérekè ni. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ kó kùn tó. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Olówó orí mi, ọkọ Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ ńkọ́? Àwọn méjèèjì kì í ya ara wọn lójò àkọ́rọ̀. N kò rí baálé wọn lónìí."

Alángbá mirí. "Wọ́n wà dáa..."

Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orí rẹ̀ tó lọ sílẹ̀ kò gòkè mọ́. Ó gbọ́ ohùn Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ wàyí, ketekete, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ọ́: mo fọwọ́ tọ́ ọ, kò jí, àbúrò mi. Ó sì gbọ́ ohun tí òun alára fi dá a lóhùn.

Ojú tì í. Ìtìjú náà pọ̀ débi pé kò rántí ọ̀gán mọ́. Ó já bọ́ láti orí ògiri, ó gbéra, ó di ilé Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́. Bó ti ń sáré ni àwọn ọ̀rọ̀ àná ń dé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó sáré díẹ̀, ó dúró: gbòǹgbò ọsàn! Hẹ̀n-ẹ́n, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ó mirí. Ó tún sáré, ó tún dúró: Ọ̀kùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀! Ó mirí. Títí ó fi dé ẹnu ihò.

Amọ̀ ti dí ẹnu ihò náà. Ìgbín nìkan ló bá níbẹ̀, nítorí ihò náà kò jìnnà sí ìdí máńgòrò.

"Wọ́n ti sùn," ni Ìgbín wí. "Wọ́n ní kí n sọ fún gbogbo ayé pé àwọn kò ní jáde lọ́sàn-án wá kí ẹnikẹ́ni mọ́. Ìrọ̀lẹ́ làwọn á máa jáde, nígbà tí kòkòrò bá ń fò kiri wá oúnjẹ, tí kò sí ẹni tí àwọn ń retí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀."

"Màá dúró dè wọ́n," ni Alángbá wí.

Ó dúró lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí oòrùn ti ń wọ̀ ni ara rẹ̀ ń tutù, bí ara rẹ̀ ti ń tutù ni ojú rẹ̀ ń pa dé. Nígbà tí Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ jáde, ìyàwó Alángbá ti wá gbé e lọ sílé, ó ti sùn fọnfọn. Lọ́jọ́ kejì náà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta náà bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀pọ̀lọ́ ti di ẹni ìrọ̀lẹ́, tí àwọn ikán abìyẹ́ náà ti ń tú jáde nírọ̀lẹ́, tí wọ́n sì ti di oúnjẹ rẹ̀. Ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́ kù sílẹ̀ di àárọ̀ ni Alángbá ń rí ṣà. Láti ọjọ́ náà ni Alángbá náà kì í ti í sá lọ títí kó má dúró, kì í sì í dúró kó má mirí. Bí ẹ bá rí i lára ògiri lọ́sàn-án gangan, tó ń mirí tí kò sí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, ẹ lè fi ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má pẹ́ níbẹ̀. Opó kan ló ń kí pé ẹ kú àfẹ́rakù, opó náà sì ti sùn.