Òdòdó Ẹ̀gúsí Òkété

"Àlọ́ o!"

"Àlọ̀!"

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ra. Àlọ́ mi rọra rìn títí, ó dúró sí ẹnu ihò Òkété.

Ẹ̀gúsí nìkan ni Òkété, ìyá Wúràọlá, àti àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn. Ní ọdún kìíní, ó ṣán igbó, ó gbin ẹ̀gúsí, ó sì so dáadáa. Ní ọdún kejì, ó tún ṣán igbó sí i. Nígbà tó di ọdún kẹta, igi kan ṣoṣo ló kù, níbi tí Oyin ń gbé.

Oyin ní, "Ìyá Wúràọlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi eléyìí sílẹ̀ fún mi."

"Ṣé o bá mi gbin ẹ̀gúsí ni? Kó ẹrù rẹ, jàre!"

Ó gé igi náà. Òdòdó ẹ̀gúsí tàn kárí oko, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó so. Ebi wọlé.

Wúràọlá bi í pé, "Ìyá wa, ta ló máa ń bẹ òdòdó wò tẹ́lẹ̀?"

Òkété rántí Oyin. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Oyin o, padà wá,
*Òdòdó ń retí rẹ.*
Ọmọ mi ò jẹun,
*Òdòdó ń retí rẹ.*

Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n Oyin ti jìnnà. Ó wá ń fi irunmú rẹ̀ gbé lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó kan lọ sínú òmíràn. Kí oòrùn tó le, tí àwọn òdòdó fi kákò, mẹ́ta péré ló ti ṣe. Ẹ̀gúsí mẹ́ta péré ló sì so.

Ó ní, "Iṣẹ́ tí Oyin ń bá mi ṣe rè é!"

Láti ìgbà náà, Òkété kì í ṣán igbó ẹnu ihò rẹ̀ mọ́, bóyá Oyin á rí ibi bà sí. Ibẹ̀ ni àlọ́ mi jókòó tì í, tí àwọn méjèèjì ń retí Oyin.