Kànga Tí Òkété Gbẹ́ Fún Ìlú

Ẹ bá mi di àlọ́ mi mú, ó fẹ́ sá! Ó sá títí, ó já sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété.

Òkété fẹ́ràn èkùrọ́ ju ẹ̀mí lọ. Lọ́dún tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú, omi àbàtà nìkan ló kù, inú sì ń run tọmọdé tàgbà. Erin tó jẹ́ ọba ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú agbọ̀n èkùrọ́ kan wá, kí wọ́n tà á, kí wọ́n fi háyà agbẹ́kànga.

Òkété fò dìde. "Kábíyèsí, èkùrọ́ ìlú ò gbọdọ̀ jáde nílùú! Ta ló mọ ilẹ̀ í gbẹ́ bí èmi tí wọ́n bí sínú ihò? Ẹ kó o fún mi, ẹ lọ sùn."

Wọ́n kó o fún un. Ó gbẹ́ díẹ̀, ó jẹ púpọ̀. Ihò náà ò tíì tó orúnkún Ẹfọ̀n tí èkùrọ́ fi tán. Ó bi ara rẹ̀ pé, "Òkété, ọ̀gá àgbà, ṣé o ti kan omi?" Ó dá ara rẹ̀ lóhùn pé, "Rárá, àmọ́ mo yó." Ló bá lọ pọn omi àbàtà, ó rọ ọ́ sínú ihò, ó ní iṣẹ́ ti parí.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí kànga, gbogbo ẹranko gbé ìkòkò wá. Òkété sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ohun kan ni ọlọgbọ́n wa gbàgbé: nílùú náà, ẹni tó gbẹ́ kànga àti ará ilé rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ mu omi rẹ̀, wọn kì í sì í da omi tí ọba bá bù nù.

Erin bu igbá kan. "Akíkanjú, gbà, mu."

"Kábíyèsí, mo ń gbààwẹ̀ ni."

"Láti ìgbà wo?" Ìgalà ló bi í, ó ń wo ikùn rẹ̀.

Erin ní, "Kò burú, ọmọ rẹ á bá ọ mu ún." Ó gbé igbá fún Àbọ̀kẹ́, àbíkẹ́yìn Òkété, tí inú rírun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ lánàá. Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ, ó na ọwọ́ méjèèjì.

Òkété fò sókè. Ṣé wọ́n ní òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu? "Yéè, èmi òpònú! Mo fẹ́ pa ẹni tó máa fún mi lọ́mú!" Ó já igbá gbà, ó mu ún tán pátápátá. "Omi àbàtà ni o! Ẹ má mu ún!"

Inú rẹ̀ kígbe, ó sá wọgbó. Ìlú bú sẹ́rìn-ín. Òun náà ń rẹ́rìn-ín ara rẹ̀ nínú igbó: "Ẹ ṣàánú akíkanjú yín, ẹ bá a já ewé wá!"

Nígbà tó jáde, Erin ò lù ú. Ó kàn ní kó padà sínú ihò, kó má jáde títí yóò fi kan omi. Èèpo èkùrọ́ ni wọ́n ń jù sí i jẹ. Ó ń gbẹ́, ó ń kọrin pé, "Mo jẹ kànga ìlú, kànga ń jẹ mí." Nígbà tí omi sun, Àbọ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ mu.

Ibẹ̀ ni mo ti bu àlọ́ mi, omi ibẹ̀ sì mọ́. Ẹni tó bá ń jẹ owó omi ìlú, kó kọ́kọ́ bi ọmọ tirẹ̀ pé níbo ló ti ń mumi.