Ìdí Tí Àsùnwọ̀n Fi Ń Pa Ewé Rẹ̀ Dé ní Ìrọ̀lẹ́

Nígbà láéláé, nígbà tí ewéko ṣì ń dáhùn bí a bá kí i, ewé àsùnwọ̀n kì í padé. Ó là sílẹ̀ lọ́sàn-án, ó là sílẹ̀ lóru. Òfin àwọn ewéko ni pé ewé tó bá là kò gbọdọ̀ kọ ọwọ́ ẹni tó wá já a. Ẹni tó bá ti kí Àsùnwọ̀n, tó sì dúpẹ́, lè já iye tó wù ú. Kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe.

Inú ijù kan náà ni Ẹfọ̀n ń gbé. Ẹfọ̀n lágbára, ó sì mọ̀ pé òun lágbára, ṣùgbọ́n agbára náà wúlò fún gbogbo wọn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí koríko gbẹ tó sì le, òun ló ń fi àyà la ọ̀nà lọ sódò, kí àwọn ẹranko kéékèèké lè tẹ̀lé e lọ mumi. Bí kò bá la ọ̀nà, òùngbẹ ló kù.

Lọ́dún kan, nígbà tí ọ̀nà lílà ku ọ̀la, inú Ẹfọ̀n dí. Pòròpórò gbígbẹ ló ti ń jẹ, omi tó sì ń mu kò tó nǹkan. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni kò rí ìgbẹ́ yà. Ikùn rẹ̀ le, ó ń rìn bí ẹni tó gbé ìkòkò sáàárín itan. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ kò bi í bóyá ó fẹ́ tàbí kò fẹ́, ó kàn gbọ̀nà ọ̀dọ̀ Àsùnwọ̀n lọ.

Ìyàwó Ẹfọ̀n kò kàn já ewé, ìmọ̀ràn ló bèèrè, Àsùnwọ̀n sì kọ́kọ́ bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ọjọ́ mélòó ni? Ṣé ó ń bì? Ṣé inú ń run ún? Ó ní bí ó bá ń bì, tàbí tí inú ń run ún gidigidi, kí ìyàwó má já ewé kankan fún un. Ó ní ewé òun kò yẹ aboyún, kò sì yẹ ọmọ ọwọ́. Ìyàwó Ẹfọ̀n ní rárá, ikùn líle lásán ni.

Àsùnwọ̀n wá ní, “Já ewé mẹ́ta péré. Sè é, sẹ́ ẹ, kí o fún un ní abọ́ kékeré kan. Ewé mi kì í sáré o. Ó di òwúrọ̀ ọ̀la kí ẹ tó rí iṣẹ́ rẹ̀. Omi ni kó máa mu tẹ̀lé e, kì í ṣe ewé mìíràn.”

Ẹfọ̀n mu ún nígbà tí oòrùn ń rẹlẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, ìtàn mi ì bá ti parí.

Ṣùgbọ́n ẹni ńlá kì í ṣàìsàn kí ará ilé àna má gbọ́. Ìgalà, ìyá ìyàwó rẹ̀, ló kọ́kọ́ dé, ó gbé abọ́ lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ Àsùnwọ̀n kan náà ló ti já ewé, ẹ̀kúnwọ́ méjì, kò sì sọ ẹni tó fẹ́ fún. Ó ní ewé mẹ́ta kò lè ran ara ńlá bẹ́ẹ̀.

Ẹfọ̀n wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wolẹ̀. Níbẹ̀, ẹni tó bá dá abọ́ ìyá ìyàwó rẹ̀ padà ní kíkún ti sọ pé kí ìyá náà wá mú ọmọ rẹ̀ lọ nìyẹn. Ẹfọ̀n dọ̀bálẹ̀, ó gba abọ́, ó gbé e mu tán.

Kò pẹ́ sí i ni Àgbọ̀nrín dé, ẹ̀gbọ́n Ìgalà. Ó ti gbọ́ pé àbúrò òun gbé abọ́ lọ, òun náà kò sì gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Ewé àsùnwọ̀n náà ló sè, abọ́ tirẹ̀ sì tóbi ju ti Ìgalà lọ. Mi ò ní parọ́ pé Ẹfọ̀n ronú kó tó mu ún.

Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, abọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pọ̀. Ẹfọ̀n lọ sí ìdí igbó, ó bọ̀, ó tún lọ, nígbà tó yá kò lè bọ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá a láàárọ̀, ojú rẹ̀ ti jìn, ẹnu rẹ̀ ti gbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e.

Àwọn ẹranko kéékèèké ti tò pẹ̀lú kèrègbè lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n rí i nílẹ̀, ẹ̀rù bà wọ́n. Ọ̀yà, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò tíì mumi láti àná, sunkún. Inú wá bí wọn sí Àsùnwọ̀n. Wọ́n ní májèlé ló fún Ẹfọ̀n, wọ́n sì gbéra láti lọ fà á tu.

Ìyàwó Ẹfọ̀n sá tẹ̀lé wọn. Ìyá rẹ̀ wà láàárín wọn, ojú sì ń ti ọmọ láti sọ ohun tó fẹ́ sọ. Síbẹ̀ ó sọ ọ́.

“Ẹ fi í sílẹ̀. Abọ́ mẹ́ta lọkọ mi mu. Ọ̀kan péré ni Àsùnwọ̀n ní kó mu. Ìyá mi ló gbé ìkejì wá, ẹ̀gbọ́n wọn ló gbé ìkẹta wá.”

Ìgalà fi ojú wá ibi tí yóò gbà lọ.

Àsùnwọ̀n ní, “Ẹfọ̀n ò lè kọ abọ́ àna, èmi náà ò sì lè kọ ọwọ́. Ojú àánú wa ló fẹ́ pa á. Ẹ wá omi fún un ná. Ẹ fi oyin sí i àti iyọ̀ bíńtín, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀.”

Ta ni yóò lọ bu omi? Ọ̀yà kò ní àyà tí a fi ń la ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ní eyín. Ó gé koríko láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ó gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé odò, ó sì gbé kèrègbè kan bọ̀. Wọ́n ń fún Ẹfọ̀n mu díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí oòrùn fi ń rẹlẹ̀, ó ti lè gbé orí sókè.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Ìgalà tún padà wá sọ́dọ̀ Àsùnwọ̀n pẹ̀lú abọ́. Ó ní inú àna òun ti ṣí jù báyìí, bóyá ewé díẹ̀ sí i ni yóò tún un ṣe. Ó kí Àsùnwọ̀n, ó dúpẹ́, ó na ọwọ́.

Àsùnwọ̀n pa ewé rẹ̀ dé lójú rẹ̀, ọ̀kan mọ́ èkejì, títí dé orí ẹ̀ka. Ewé tó bá là ni òfin mú.

Ìgalà dúró pẹ̀lú abọ́ òfìfo. Ó ní, “Kí ni kí n wá gbé lọ bá àna mi?”

Àsùnwọ̀n ní, “Omi.”

Láti ọjọ́ náà ni ewé àsùnwọ̀n ti ń padé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí kì í sì í là títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́.